Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Nínú "Ghana Must Go"? Lámèyítọ́ lórí àwọn ewì ẹnubodè wa

Ní sáà tó kọjá, a ní kí kálukú kọ ewì lórí ẹnubodè. Ohun tó fà á kò ṣàjèjì sí yín. Ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn kan tú jáde ní Àkrà pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́, wọ́n ní kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ sílé wọn. Fídíò rẹ̀ dé orí fóònù gbogbo wa, ewì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Mo ti ka gbogbo èyí tó dé ọwọ́ àwọn tó ń ṣètò ìwé wa yìí, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fẹ́ sọ èrò ọkàn mi. N ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò la jọ ń ṣe, a ṣì máa pàdé ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ tó bá ń yin ewì nìkan, ìpolówó ọjà ló ń ṣe.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dáa. Èdè wa ti ń gún régé sí i. Àwítúnwí tí a ń lò tẹ́lẹ̀ bí ẹni fi òkúta kún àpò ti dínkù. Ọ̀kan nínú àwọn ará Ọ̀yọ́ wa kọ tirẹ̀ bí ẹni ń sun rárà, ó sì wọ̀ mí lára. Ti ìṣọwọ́lo-èdè, a ò tíì dé ibẹ̀, àmọ́ a ti gbéra. Àkóónú ni ìjà mi dá lé.

Mo pín àwọn ewì náà sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni mo pè ní ewì ẹkún. Arìnrìn-àjò ló ń sọ̀rọ̀ nínú wọn: ebi lé e nílé, agbófinró lé e lójú ọ̀nà, onílé lé e lókèèrè, ó wá ń sunkún. Ọ̀nà kejì ni ewì ìbínú. Nínú tiwọn, ọmọ Nàìjíríà kan dìde, ó ní bí Gánà bá lé wa, kí àwa náà lé wọn, kí ìjọba ti bodè pa, kí sójà dúró síbẹ̀ tìbọntìbọn. Ẹ lè rò pé ọ̀tá ni ọ̀nà méjèèjì yìí. Rárá o, ọmọ ìyá ni wọ́n. Nínú méjèèjì, àwa ni wọ́n ṣẹ̀, àwọn ni wọ́n ṣẹ̀ wá. Àfi ẹyọ ewì kan tí màá padà sí, kò sí ibì kankan tí àwa náà ti lé èèyàn rí.

Bẹ́ẹ̀, a ti lé èèyàn rí. Àpò tó ń jẹ́rìí sí i wà lábẹ́ ibùsùn ọ̀pọ̀ nínú wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Gbólóhùn tó ní olùwà, tí kò ní ẹni tó sọ ọ́

Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn yẹn bí olùkọ́ gírámà ṣe máa mú un. Ghana must go. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ghana ni olùwà. Ṣùgbọ́n Gánà kò lè lọ síbì kankan, orílẹ̀-èdè kì í di ẹrù. Ẹni tó lọ ni bíríkìlà, kápẹ́ńtà, aránbàtà, olóúnjẹ, ìyá tó pọn ọmọ. Wọ́n fi orúkọ ìlú bo orúkọ èèyàn mọ́lẹ̀ ni. Ó wá ku must. Lédè wa, bí mo bá ní "ó gbọ́dọ̀ lọ", ẹ ó bi mí pé, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Gbólóhùn yìí kò dáhùn. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti sọ. Gbogbo ẹnu ló lè sọ ọ́, kò sì sí ẹnu tó máa jẹ́jọ́ rẹ̀.

Àpò náà ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ọ̀rá híhun, pupa àti búlúù tó gba ara wọn kọjá lórí funfun, síípù lókè. Ó pọ́ọ́kú, ó sì ń gba ẹrù. Nígbà tí a lé àwọn ọmọ Gánà ní 1983, inú irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kó ẹrù sí, orúkọ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ní Jámánì, orúkọ àwọn ará Tọ́kì ni àwọn èèyàn fi ń pe irú àpò yìí kan náà. Ẹ ò rí nǹkan? Ìlú kọ̀ọ̀kan ń fi orúkọ àlejò rẹ̀ sọ àpò, kò sí ìlú tó fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́. Taiye Selasi, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ Gánà àti ti Nàìjíríà jọ wà lára rẹ̀, fi gbólóhùn yìí ṣe àkọlé ìwé ìtàn àròsọ tó kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2013. Àpò náà ti wọ inú lítíréṣọ̀, ó sì yẹ kí àwa akéwì Yorùbá mọ bí a ṣe ń gbé e.

Ẹ wò ó, nínú ewì wa, gbogbo ibi tí àpò yìí ti yọjú, orí ọmọ Nàìjíríà ló wà. Òun ló rù ú, òun ló ń sunkún lábẹ́ rẹ̀. Àpò tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tí a lé, a wá gbé e lé orí ẹni tó léni. Bí a bá mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é, ọgbọ́n akéwì nìyẹn. Bí a kò bá mọ̀, ìgbàgbé ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ẹ̀gbẹ́ tí a mọ̀: 1969

N ò sọ pé irọ́ ni ẹkún inú ewì wa o. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ wọ agboolé kan lẹ́yìn Tákíé, kí ẹ béèrè ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti gbé Gánà rí, ẹ ò ní rìn jìnnà. Látìgbà tí wọ́n ṣì ń pe ibẹ̀ ní Gold Coast ni àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Òfà, Ìlọrin, Ìgbòho àti Ṣakí ti ń gba ọ̀nà òkè lọ síbẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ lọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Wọ́n tẹ̀dó sí Tamale, Kumasi àti àwọn ìlú ọjà kéékèèké tí ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Aṣọ àti ohun wẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tà. Àwọn oníṣòwò Yorùbá wọ̀nyí wà lára àwọn tó gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi ró níbẹ̀. Jeremy Eades, onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ odindi ìwé lórí àwọn Yorùbá tó ṣòwò ní àríwá Gánà. Alata ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe èèyàn wa, wọ́n sì ń pe ọṣẹ dúdú ní alata samina títí di òní. A ti lọ, ọṣẹ ṣì ń jẹ́ orúkọ wa.

Lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn ní oṣù kẹjọ ọdún náà, pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó fi ìlú sílẹ̀. Òfin àjèjì ti wà láti 1963, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi há ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ tí wọ́n bí sí Tamale, tó ń sọ èdè ibẹ̀ bí omi, kò mọ̀ pé àjèjì lòun àfi lọ́jọ́ tí rédíò sọ fún un. Àwọn ìdí tí wọ́n sọ ni pé iṣẹ́ kò tó, pé ọjà wà lọ́wọ́ àlejò, pé àlejò ń hùwà ọ̀daràn. Ní 1970, òfin mìíràn jáde tó fi òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ nìkan.

Ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí lèèyàn lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹni tó jẹ ọ́ lówó á máa fi ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé jáde títí wàá fi lọ. Ẹni tó ní ilé, kò rí i gbé. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ, iye tí aládùúgbò bá dá lé e ló máa gbà. Nàìjíríà tí wọ́n sì ń bọ̀ wá, ogun abẹ́lé ṣì ń jà á lọ́wọ́. Àwọn tó lé wọn náà kò jèrè bí wọ́n ṣe rò: oko kòkó Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í wá òṣìṣẹ́ tì, nítorí àwọn àlejò ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1972, àwọn sójà gba ìjọba lọ́wọ́ Busia.

Èyí ni ìtàn tí ewì ẹkún wa ń sun. Ó tọ́ kí a sun ún. Àmọ́ àbọ̀ ìtàn ni.

Ẹ̀gbẹ́ tí a kò fẹ́ mọ̀: 1983

Lọ́jọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, kéde pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé fi Nàìjíríà sílẹ̀. Ẹ sọ iye ọjọ́ tó fún wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹ tún sọ àwọn ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ kò tó, torí owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀. Àlejò ń hùwà ọ̀daràn, wọ́n sì tún di rògbòdìyàn Maitatsine tó ti ṣẹlẹ̀ ní Kánò ní 1980 àti níbòmíràn ní 1982 ru àjèjì. Ìdìbò sì ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Bí a bá fi ìkéde Busia àti ti Ali Baba síwájú ọmọ kíláàsì wa kan, tí a pa orúkọ inú wọn rẹ́, á ní akéwì kan ló kọ méjèèjì, ó kàn tún tirẹ̀ wí ni. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, àjà náà la ti fà á yọ fún ìyàwó.

Kí n má ṣe ojúsàájú. Òfin wà lẹ́yìn Nàìjíríà. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà láyè láti wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn láìgba físà, kó sì lò tó 90 ọjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò jù bẹ́ẹ̀, kó lọ gbàṣẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a lé ti lò ju 90 ọjọ́ lọ, wọn ò sì ní ìwé. Ìjọba tún yọ àwọn kan sílẹ̀ nínú àṣẹ náà, irú bí àwọn tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́. Ta ló wá kù? Àwọn tí kò ní ẹnu lọ́dọ̀ ìjọba ni: lébìrà, aránbàtà, alágbàṣe, ọmọ ọ̀dọ̀.

Wọ́n ní kí wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò sí. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1982 ni ìjọba Jerry Rawlings ti ti bodè Gánà pẹ̀lú Tógò. Bodè Gánà ò ṣí, Tógò ò fẹ́ kí wọ́n há sí òun lọ́wọ́, ni Bẹ̀nẹ̀ náà bá ti tirẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wá há sí ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ àti èbúté Àpápá, òòrùn ń pa wọ́n, òǹgbẹ ń gbẹ wọ́n. Ọjọ́ 29 oṣù kìíní, ó ku ọjọ́ méjì kí gbèdéke pé, ni Gánà tó ṣí bodè. Àwọn tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan. Ilé tí wọ́n padà sí, ọ̀dá àti iná tó jó oko ló pàdé wọn. Ebi ọdún yẹn pọ̀ débi pé àwọn ará Gánà fi eegun èjìká tó yọ síta ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n pè é ní ẹ̀gbà ọrùn Rawlings. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá àfiwé kiri, ẹ wo èyí tí ebi fúnra rẹ̀ kọ.

Nàìjíríà ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ wá pọ̀? Náírà kò le sí i, ìwà ọ̀daràn kò sì bá wọn lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1983 kan náà, sójà gba ìjọba lọ́wọ́ Shagari. Ní 1985, ìjọba Buhari tún lé àjèjì lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Láti ìparí 1969 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1983, ọdún mẹ́tàlá ó lé díẹ̀ ni. Ẹni tó di ẹrù ní Tamale lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, kò tíì pé ọdún márùndínláàádọ́ta nígbà tí àwọn ọmọ Gánà ń di ẹrù ní Nàìjíríà. Ojú kan náà ló fi wo méjèèjì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Èwo nínú ewì wa ló ti wọ inú ọkàn ẹni yẹn? Kò sí. Ẹ̀dá ìtàn tí Ọlọ́run gbé lé wa lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnu ọ̀nà ilé wa ló jókòó sí, a sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ wá ògiri Amẹ́ríkà.

Ògiri tí kò sí, oníbodè tó wà

Ògiri yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. Nínú ewì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnubodè jẹ́ ògiri gíga tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún wà lórí rẹ̀. Níbo la ti rí i? Orí tẹlifíṣọ̀n ni. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Bàdágìrì lọ sí Sẹ̀mẹ̀ mọ̀ pé kò sí ògiri níbẹ̀. Okùn ló wà, igi tí wọ́n kan ìṣó mọ́ wà, ọwọ́ sì wà tí wọ́n nà síwájú. Ọlọ́pàá dúró, kọ́sítọ́ọ̀mù dúró, imigiréṣọ̀n dúró, kálukú pẹ̀lú okùn tirẹ̀. Ẹni tó ní ìwé sanwó, ẹni tí kò ní ìwé sanwó, iye ló yàtọ̀. Akéwì tó bá fi ògiri júwe irú ibẹ̀ ti pàdánù ewì rẹ̀ láti ìlà kìíní. Ògiri kì í gba owó.

Ìlà náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa pín ilẹ̀ yìí. Bí Kétu ṣe bọ́ sọ́wọ́ Faransé nìyẹn, tí Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ará Kétu wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú ti kọ ìwé lórí èyí, ó sì yẹ kí akéwì ẹnubodè kankan má ṣe gbé bírò kó tó kà á. Ẹni tó fẹ́ lọ kí ìyá ìyàwó rẹ̀ láti Ìmẹ̀kọ sí Kétu, àjèjì ni wọ́n máa pè é lójú ọ̀nà. Nígbà tí ìjọba ti bodè orí ilẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ìrẹsì ni wọ́n ní àwọn ń lé, ṣùgbọ́n ìyá oníyàwó náà há sọ́hùn-ún.

Bí a bá ń wá àwòrán, ta ló sọ pé a ò ní? A ní oníbodè. Ìlú Yorùbá àtijọ́ ní odi, odi ní ẹnubodè, ẹnubodè ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ó ń gba owó bodè, ó ń bi èèyàn ní ìbéèrè, ó sì mọ ojú ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. A tún kọ́ ọ ní kíláàsì pé oníbodè wà láàárín ọ̀run òun ayé, pé ẹni tó bá ti yan orí tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti máa sọ ohun tó ń lọ ṣe láyé kó tó kọjá. Ẹ ronú sí i. Gbogbo wa la kọjá lọ́wọ́ oníbodè ká tó dé ayé. Kò bi ẹnì kankan ní páálí. Ohun tó béèrè ni pé: kí lo ń lọ ṣe? Ẹ fi ìbéèrè yẹn sẹ́nu òṣìṣẹ́ imigiréṣọ̀n kan lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, kí ẹ wo bí ewì ṣe máa gbéra fúnra rẹ̀.

Kí n tún sọ ti ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe èèyàn. Àlejò, àtìpó, àjèjì: ìtumọ̀ wọn kò dọ́gba. Àlejò ní onílé tó gbà á. Àtìpó ní ilé kan níbòmíràn tó ń ronú àtipadà sí. Àjèjì ni ẹni tí a ò mọ̀ rí. Ohun tí àṣẹ 1969 àti ti 1983 ṣe ni pé, lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sọ àlejò di àjèjì. Ẹni tí a mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ lánàá, a ò mọ̀ ọ́n mọ́ lónìí. Ewì ìbínú kan nínú tiwa pe àwọn àlejò ní eéṣú, ewì ẹkún kan pe òṣìṣẹ́ bodè ní ajá. Iṣẹ́ kan náà ni àfiwé méjèèjì ń ṣe: wọ́n ń sọ èèyàn di ẹranko kó lè rọrùn láti lé tàbí láti kórìíra. Èyí kì í ṣe àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ mọ́, ọ̀lẹ ni.

Ewì kan tó fẹ́ẹ̀ débẹ̀

Mo ní màá padà sí ewì kan. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ara rẹ̀. Aránbàtà ọmọ Gánà kan ló wà nínú rẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1983. Obìnrin kan gbé bàtà fún un lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní òun á wá gbà á lọ́jọ́ Ajé. Ìkéde ti dé kí Ajé tó pé. Obìnrin náà bá bàtà rẹ̀ lórí àpótí, ọkùnrin náà ti lọ. Ó ti rán ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò tíì rán ti òsì. Akéwì kò sunkún, kò bú ẹnì kankan. Ó kàn jẹ́ kí obìnrin náà wọ bàtà yẹn relé, a sì ń gbọ́ bí ẹsẹ̀ òsì ṣe ń ya lójú ọ̀nà.

Ẹ wo ohun tó ṣe. Àwa ni obìnrin náà. Nínú ewì kan ṣoṣo yìí, ọmọ Nàìjíríà ni onílé, kò burú, kò lé ẹnikẹ́ni, ìjọba ló lé e. Síbẹ̀ bàtà tó wọ̀ relé ń pè é lẹ́jọ́. Mo fẹ́ràn ewì yìí gan-an. Mo kan fẹ́ kí akéwì náà gé ìlà mẹ́fà tó gbẹ̀yìn sọnù, níbi tó ti já bàtà sílẹ̀, tó wá ń ké sí gbogbo Áfíríkà pé kó ṣọ̀kan. Ta ló bí i? Bàtà ti sọ ọ́ tán. Ìwàásù tó tẹ̀lé ewì dà bí omi tí a bù sínú ọbẹ̀ tó ti jinná.

Ohun tí ewì ìbínú yóò bi mí

Mo mọ ìbéèrè tí ẹ ti ní lẹ́nu. Ẹ ó ní: "Ṣé kí ìlú má ní bodè ni? Ṣé kí ẹnikẹ́ni kàn wọlé?" N ò sọ bẹ́ẹ̀. Ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, ọjà ni. Ìlú ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì jalè, kí wọ́n mú un gẹ́gẹ́ bí olè, yálà Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí tàbí Kumasi. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàárín ìlẹ̀kùn títì àti fífa ẹni tó ti sùn sínú ilé láti ọdún wá jáde lóru. Ẹni tó bá fẹ́ fi òfin ṣèlú, kó pe èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó gbọ́ tẹnu rẹ̀, kó fún un láyè láti gba gbèsè rẹ̀, kó sì sọ ilé tó kọ́ di owó. Ọ̀sẹ̀ méjì fún mílíọ̀nù èèyàn, òfin kọ́ nìyẹn, ariwo ìdìbò ni. Ilẹ̀ Áfíríkà pàápàá ti sọ ọ́: ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 1981 ní kò gbọdọ̀ sí lílé àwọn àjèjì lápapọ̀ nítorí ẹ̀yà tàbí orílẹ̀-èdè wọn. Ọdún tí Nàìjíríà sì sọ ìwé náà di òfin ilẹ̀ rẹ̀ ni 1983. Ọdún kan náà! Bí akéwì bá hùmọ̀ irú rẹ̀, a ó ní àsọdùn ni.

Ní 2025, àwọn ìjọba méjèèjì tètè dá sí ọ̀rọ̀ Àkrà, kò sì sí àṣẹ ọ̀sẹ̀ méjì kankan. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbé pátákó yẹn, ẹnu wọn ni gbólóhùn olọ́rọ̀ mẹ́ta náà tún ti jáde, wọ́n kàn pààrọ̀ olùwà rẹ̀ ni. A tún gbọ́ ọ, a sì dáhùn pẹ̀lú ewì tó ń sọ pé kí wọ́n dá olùwà padà sí ti àkọ́kọ́. Báyìí ni pàṣán ṣe ń padà sí àjà.

Nítorí náà, mo ní ìmọ̀ràn kan ṣoṣo fún ìpàdé wa tó ń bọ̀. Ẹ fi ẹni tó ń sá lọ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ fi mínísítà náà sílẹ̀. Ẹnì kẹta wà nínú ìtàn méjèèjì tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ ewì nípa rẹ̀. Ìkéde jáde ní Tamale, oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síta, aládùúgbò kan rà á ní owó tí kò tó nǹkan. Ìkéde jáde níbí, télọ̀ ọmọ Gánà gbé tirẹ̀ síta, aládùúgbò kan tún rà á. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò kọ òfin, kò gbé pátákó. Ó kàn rí ọjà tó pọ́ọ́kú. Ó gbé e relé, ó gbé e sí yàrá, ó fi rán aṣọ ọdún fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ohùn ẹni yẹn ni mo fẹ́ gbọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, a ó mọ ẹni tó sọ gbólóhùn tí kò ní olóhùn yẹn. Ẹ̀rọ ìránṣọ púpọ̀ ṣì wà nínú agboolé wa. Ẹ wọlé, kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti rà wọ́n.